Wọ́n Ní Ìkọ̀sílẹ̀ Náà Ti Parí

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, ọdún 1998, ọkùnrin kan ní ìyàwó méjì lábẹ́ òfin tí kò fàyè gba ju ẹyọ kan lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni ìyá mi. Kò mọ̀. Ó wọ aṣọ funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó fọwọ́ síwèé níbi tí akọ̀wé fi ìka hàn án, ó sì rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Fọ́tò yẹn ṣì wà. Èèyàn mẹ́ta ló dúró nínú rẹ̀: ìyá mi láàárín, ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́ òsì. Méjì nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe ìgbéyàwó.

Kọ́tìnnì ni ìyá mi ń rán. Àwọn ará àdúgbò ti ń pè é ní Ìyá Oníkọ́tìnnì kó tó bímọ rárá, bóyá nítorí pé ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó ti tọ́ ọmọ mẹ́fà. Ó ní òfin kan lẹ́nu iṣẹ́: kò gba ìwọ̀n lẹ́nu oníbàárà. Bó ti wù kí o kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa tó, yóò fi téèpù kọ́rùn, yóò wá sílé rẹ, yóò gun àga rẹ, yóò sì wọn fèrèsé náà fúnra rẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, láàárín, torí ó ní kò sí fèrèsé tó gún lọ́gbọọgba láyé yìí, àfi èyí tí wọ́n yà sínú ìwé.

Obìnrin kan sọ fún un lójú mi rí pé, “Ìyá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ọkọ mi ti wọ̀n ọ́n. Ẹnjiníà ni.”

Ìyá mi ní, “Mo kí ẹnjiníà. Ẹ ní kó wá bá mi di àga yìí mú.”

Ẹni tí kò gba ìwọ̀n fèrèsé lẹ́nu ẹnjiníà ló gba ọ̀rọ̀ ayé ara rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Gbogbo ẹbí ló ń pe ẹ̀gbọ́n náà ní Bọ̀dá Lọ́yà. Kì í ṣe lọ́yà. Òjíṣẹ́ ilé ẹjọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé fáìlì láti yàrá kan sí èkejì, kó sì máa kígbe kí gbogbo èèyàn dìde bí adájọ́ bá ń wọlé. Ṣùgbọ́n ó ní ṣòkòtò dúdú tó máa ń lọ̀ títí yóò fi lè gé èèyàn lọ́wọ́, ó ní ohùn, ó sì mọ bí èèyàn ṣe ń sọ gbólóhùn kan kó dà bíi pé ìdájọ́ ló ń dá. Bí ayálégbé bá bá onílé jà, ilé rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé ẹjọ́ wá. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ilẹ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi. Àṣìṣe ìdílé wa nìyẹn. A rí ọkùnrin tó ń ru fáìlì, a sì ṣe bíi pé òun ló kọ ọ́. Kò kọ ọ́, àmọ́ ó máa ń kà á. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti burú.

Lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú, ilé Bọ̀dá Lọ́yà ni ìyá mi ń gbé, nínú yàrá ẹ̀yìn kan tí máṣìnnì ìránṣọ gba ìdajì rẹ̀, tí ibùsùn gba ìdajì tó kù. Bó bá fẹ́ tẹ́ aṣọ gígùn, yóò ká ibùsùn dìde. Òun ló ń rán aṣọ iléèwé gbogbo ọmọ ilé náà, òun ló sì ń se oúnjẹ alẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó lọ. Kò sì sẹ́ni tó sọ pé kó dúró.

Oòrùn ló gbé Ọ̀gá Atẹ̀wé wá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ń tẹ kádì ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà, fèrèsé ibẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ìtànṣán sì ń sọ bébà rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Ìyá mi lọ wọn fèrèsé náà. Ó tún lọ gbé kọ́tìnnì kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọkùnrin náà ránṣẹ́ pè é padà, ó ní apá kan gùn ju èkejì lọ. Ìyá mi gun àga, ó wò ó.

“Ọ̀gá, kọ́tìnnì yìí gún.”

“Mo mọ̀. Ṣé kí n máa purọ́ lọ ni, àbí kí n sọ ohun tí mo fẹ́?”

“Ẹ máa purọ́ lọ ná. Mo fẹ́ rí ibi tó máa já sí.”

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀rín máa ń pa á bó bá ń sọ ìtàn yìí. Kò sọ ọ́ mọ́.

Ọ̀gá Atẹ̀wé kò fi ohun kan pa mọ́ níbẹ̀rẹ̀, àbí ká kúkú sọ pé ó mọ iye tó yẹ kó fi hàn. Ó ní òun ti fẹ́ nọ́ọ̀sì kan rí, wọn kò bímọ, ìwà wọn kò bára mu, àwọn ti lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ sì ti tú wọn ká. Ó mú ìwé tó ní òǹtẹ̀ pupa jáde. Ìyá mi wo òǹtẹ̀. Òótọ́ ni òǹtẹ̀ náà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà.

Ohun tó yẹ kí o mọ̀ nìyí, kò sì le. Lábẹ́ òfin tiwa, ilé ẹjọ́ kì í tú ìgbéyàwó ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àṣẹ méjì ló ń jáde. Ti àkọ́kọ́ ń sọ pé adájọ́ ti rí ìdí tó fi yẹ kí ìgbéyàwó náà tú. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á dúró fún oṣù díẹ̀, bóyá ẹnìkan lè ní àtakò, kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó padà lọ béèrè àṣẹ ìkẹyìn. Kí àṣẹ ìkẹyìn tó jáde, ọkọ ṣì ni ọkọ, ìyàwó ṣì ni ìyàwó, ì báà jẹ́ pé wọn kì í kí ara wọn mọ́. Ẹni tó bá lọ gbé ẹlòmíràn níyàwó láàárín àsìkò yẹn kò gbé ẹnikẹ́ni níyàwó. Ó kàn wọṣọ tuntun ni. Ó sì tún ti ṣẹ̀ sí òfin ọ̀daràn.

Ìwé àkọ́kọ́ ni Ọ̀gá Atẹ̀wé ní lọ́wọ́.

Ìyá mi bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ó ń dán bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

“Bọ̀dá mi, ẹjọ́ Ọ̀gá Atẹ̀wé àti ìyàwó ẹ̀, ṣé ó ti parí?”

“Ó ti parí.”

“Ó parí pátápátá?”

“Èmi ni mo gbé fáìlì wọlé, èmi ni mo gbé e jáde. Adájọ́ ti sọ̀rọ̀. Kí lo tún ń fẹ́, kí adájọ́ wá bá ẹ dáná ìyàwó?”

“Mo kàn ń béèrè ni, ẹ má bínú.”

“Ó wá ọkọ, ó rí ọkọ, ó tún ń wá wàhálà. Gbé kíwì yẹn fún mi.”

Ó gbé kíwì fún un. Inú rẹ̀ dùn. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba. Akọ̀wé ibẹ̀ wo òǹtẹ̀ pupa, ó wo Bọ̀dá Lọ́yà tó mọ̀ dáadáa láti ilé ẹjọ́ tó wà lódìkejì ọ̀nà, kò sì wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé. Bọ̀dá Lọ́yà fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó kọ orúkọ rẹ̀ gbàgàdà gbàgàdà.

N kò ní sọ pé ìgbésí ayé wọn burú láti ìbẹ̀rẹ̀. Irọ́ nìyẹn yóò jẹ́. Wọ́n bí mi, wọ́n bí àbúrò mi. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì kọ́lé. Owó kọ́tìnnì wọ inú ilé náà gẹ́gẹ́ bí owó kádì ṣe wọ inú rẹ̀. Ìyá mi ló yan ibi tí fèrèsé kọ̀ọ̀kan máa wà, ó bá bíríkìlà jà nítorí ìwọ̀n méjì nínú wọn, ó sì borí. Orúkọ ọkùnrin náà nìkan ló wà lórí ìwé ilé, torí òun ló ráyè lọ tò sí ọ́fíìsì ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Yàrá iwájú ni ìyá mi fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá jí, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ ni máṣìnnì.

Nígbà tí mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, Ọ̀gá Atẹ̀wé rí obìnrin mìíràn. Kò fi bò. Ó ń mu tíì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, “Mo fẹ́ kó o wá ibòmíì kó máṣìnnì ẹ lọ. Ẹnìkan ń bọ̀ wá gbébí.”

Ìyá mi rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó ní, “Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ̀ mí, ẹ lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n á tú wa ká, wọ́n á sì pín ilé.”

“Tú kí ni ká?” Ó da tíì tó kù sínú abọ́ ìfọwọ́. “Ohun tí wọn ò so, ṣé wọ́n máa ń tú u?”

Ìyá mi rò pé ọ̀rọ̀ ìjà ni. Òun fúnra rẹ̀ lọ gba lọ́yà, obìnrin kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, ó sì pe ẹjọ́ pé kí wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká, kí wọ́n sì fún un ní ìdajì ilé. Ìdáhùn ọkùnrin náà dé. Lọ́yà wa ka ìdáhùn náà, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un kà.

“Màmá, wọ́n ní kò sí ìgbéyàwó kankan láàárín yín. Wọ́n ní nígbà tí baba fẹ́ yín, ìyàwó ẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì ni ìyàwó ẹ̀ lábẹ́ òfin.”

“Irọ́ ni. Wọ́n ti kọ ara wọn. Mo rí ìwé.”

“Ìwé èwo lẹ rí?”

“Ìwé ilé ẹjọ́. Ó ní òǹtẹ̀.”

“Ṣé ẹ wo bóyá ti àkọ́kọ́ ni àbí ti ìkẹyìn?”

Ìyá mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni mo bi.”

A lọ bá nọ́ọ̀sì náà. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé nínú ilé kékeré kan tó mọ́ tónítóní, bàtà mẹ́ta péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. N kò mọ irú ojú tí mo retí. Ó gba ìyá mi lálejò bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

“Èmi ni mo lọ gba àṣẹ ìkẹyìn,” ló wí. “Òun ò dé ibẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí i títí, ó ní òun ò ráyè. Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ló jáde. Ìgbà wo lẹ̀yin ṣègbéyàwó?”

“Oṣù kọkànlá.”

Nọ́ọ̀sì náà ka oṣù lórí ìka rẹ̀, ó dé orí ìka kẹta, ó sì jáwọ́.

“Á jẹ́ pé a jọ wà nílé ọkọ nìyẹn,” ló wí. “Ẹ káàbọ̀, orogún mi. Ẹ ò tiẹ̀ wá kí ìyáálé yín títí dòní.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Nọ́ọ̀sì dìde lọ bu omi wá, nígbà tó sì padà dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, “Ó mọ̀, ìyá. Wọ́n sọ fún un lójú mi nílé ẹjọ́ pé kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹnikẹ́ni títí di ìgbà tí èkejì bá jáde. Àmọ́ èmi ni mo pè é lẹ́jọ́ nígbà yẹn. Ta ló máa gba ẹ̀rí mi gbọ́, tí wọn ò ní sọ pé ọ̀tá ẹ̀ ni mí?”

Lọ́yà wa ṣàlàyé ohun tó kù, ó sì ṣe é ní ṣókí. Àṣẹ tó jáde ní oṣù kejì kò lè padà sẹ́yìn lọ gba ìgbéyàwó oṣù kọkànlá là. Ìgbéyàwó yẹn ti kú kí wọ́n tó gé àkàrà òyìnbó rẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti sí ìgbéyàwó, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilé ló ni ilé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ọkùnrin náà ń sọ pé òun kò mọ̀, pé òun náà rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Bí ẹlẹ́rìí kan tí kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ bá lè búra pé ó mọ̀, adájọ́ lè sọ pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ tan obìnrin sínú ilé kò gbọdọ̀ fi ìtànjẹ náà lé e jáde.

“Ta ló lè mọ̀?” ni lọ́yà béèrè.

Ìyá mi ti dìde kó tó béèrè tán.

Bọ̀dá Lọ́yà ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn. Ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù, ó ń gbọ́ rédíò. Ìyá mi kò jókòó.

“Bọ̀dá mi, ẹ mọ̀ pé kò tíì parí.”

“Kí ni kò tíì parí?”

“Ẹ bojú wò mí. Mo bi yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mọ̀.”

Ó pa rédíò. Ó wò mí bíi pé kí n jáde. N kò jáde.

“Àbúrò mi, ó ku oṣù mẹ́ta péré nígbà yẹn. Kí ni oṣù mẹ́ta láàárín àwọn àgbàlagbà? Mo sọ fún un pé kó ṣe sùúrù. Ó ní kádì ti jáde, ọjọ́ ti wà lórí ẹ̀, òun ti pín in. Ta ló máa tún kádì tẹ̀?”

Ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìyẹn o.

“Ó ní kádì ti jáde,” ìyá mi wí. “Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló jáde lọ́dọ̀ tiyín?”

Bọ̀dá Lọ́yà fọwọ́ ra orúnkún. “O mọ bí ilé ṣe há tó nígbà yẹn. Àkọ́bí mi ń gbé ìyàwó bọ̀. Ibo ni kí n fi wọ́n sí? Mo rò pé tó o bá ti dé ilé ọkọ, yóò tún gbogbo ẹ̀ ṣe tó bá yá. Mo rò pé ire ni mo ń ṣe.”

“Yàrá.”

“Má sọ ọ́ báyẹn.”

“Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?”

Ó ṣèlérí. Ó fi ọwọ́ lé àyà, ó ní òun yóò bá adájọ́ sọ gbogbo rẹ̀ bó ti rí, torí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Ìyá mi gbà á gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láìwọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, Bọ̀dá Lọ́yà wọ ṣòkòtò dúdú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó búra. Lọ́yà wa bi í bóyá ọkùnrin náà mọ̀ pé àṣẹ ìkẹyìn kò tíì jáde, ó sì ti la ẹnu láti dáhùn nígbà tí lọ́yà ọkùnrin náà dìde, tó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ adájọ́ kó jẹ́ kí òun ta ẹlẹ́rìí lólobó lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Adájọ́ gbà.

“Baba,” ló wí, “ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó yẹn?”

“Èmi ni.”

“Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá sọ pé ẹ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé kò bófin mu, ẹ̀yin náà ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀? Òṣìṣẹ́ ìjọba ni yín nígbà yẹn. Owó ìfẹ̀yìntì yín ń wọlé déédéé, àbí?”

Bọ̀dá Lọ́yà wo adájọ́. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tó dọ̀bálẹ̀ kí i. Kò wo ìyá mi.

“Ó ti pẹ́,” ló wí. “N kò rántí mọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ìyá mi wí láti ibi tó jókòó sí. Kò pariwo. Adájọ́ ní kó dákẹ́, ó sì dákẹ́.

Ìdájọ́ náà kúrú. Kò sí ìgbéyàwó, kò sì sí ìgbà kankan tó wà rí. Kò sí ẹ̀rí pé ọkùnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọkùnrin náà ló ni ilé. Wọ́n fún ìyá mi ní oṣù kan láti kó jáde. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, adájọ́ lo ọ̀rọ̀ náà “ìbágbé”.

Níta, Bọ̀dá Lọ́yà tẹ̀ lé wa dé ibi àtẹ̀gùn. Ó ń mí gúlegúle.

“Àbúrò mi, gbọ́ mi. Àgbà ni mí. Tí wọ́n bá gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ mi, kí ni n óò jẹ? Wọn ò lè fi ọ́ sẹ́wọ̀n, ìwọ. Èmi ni wọ́n lè fi sẹ́wọ̀n.”

“Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi,” ìyá mi wí. “Àtẹ̀gùn yìí ga. Ẹsẹ̀ á máa dùn yín.”

Ó kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kí i láti kékeré, ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, a sì sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì dé ilé rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Àwọn ẹbí ń ránṣẹ́ pé kó fọwọ́ wọ́nú, pé ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́, pé ọ̀rọ̀ ti kọjá. Àwọn kan nínú wọn wà níbi ìgbéyàwó náà. Ọ̀kan, àbúrò bàbá wọn, sọ fún mi lórí fóònù pé, “Gbogbo wa la gbọ́ fìrìfìrì nígbà yẹn pé nǹkan ò tíì tọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ba ọjọ́ ayọ̀ jẹ́?”

Gbogbo wa la gbọ́.

Ìyá mi ti gba ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá ọ̀nà báyìí, ó fi aṣọ gé ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́tọ̀, ibẹ̀ ló ń sùn. Obìnrin tuntun ti wà nínú ilé náà, ó sì ti yọ gbogbo kọ́tìnnì. Kò sẹ́ni tó pe ọkùnrin náà lẹ́jọ́ ọ̀daràn. Mo ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bi mí pé ta ni ẹlẹ́rìí mi.

Ìwọ tó ń ka èyí, kò sí ẹbí tí kò ní ẹni tó gbọ́ fìrìfìrì. O mọ tọkọtaya kan tí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ọ̀kan nínú wọn kò tíì pé nígbà tí wọ́n gé àkàrà òyìnbó. O jókòó níbẹ̀. O jẹ nínú rẹ̀. Dìde lónìí, lọ bá obìnrin náà, kí o sọ ohun tí o mọ̀ fún un lójúkojú, nígbà tí o ṣì ń rántí.